Kí ló dé tí àrùn kíndìnrín fi ń da ọmọ ogun ara rú?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí àrùn kíndìnrín ti ń bá màmá mi fà á. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. eGFR wọn, ìyẹn ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, jẹ́ 24 báyìí, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn sọ pé sẹ́ẹ̀lì funfun wọn jẹ́ 6,200, neutrophil 78%, lymphocyte 12%. Wọ́n yẹ HIV wò, kò sí. Dókítà wọn ní àrùn kíndìnrín yẹn náà ló fà á. Kí ló kan kíndìnrín pẹ̀lú ọmọ ogun ara? Ṣé kí n ra oògùn tí wọ́n ní ó ń gbé agbára ìdènà àrùn sókè fún wọn? Ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan, pé ara wọn ò lè gbé e."

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ iye inú ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe rí. Òótọ́ ni dókítà Màmá sọ fún yín. Ẹ má ra oògùn yẹn. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un rò, nítorí àsìkò tí Màmá wà yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n gbà á. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín, torí ẹni tó bá mọ ìdí ni kò ní jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà oògùn tàn òun jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ ka ìwé náà. Sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara, tó jẹ́ 6,200 kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù. Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á ní kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe pín in sí oríṣiríṣi, bíi neutrophil àti lymphocyte, ni ọ̀rọ̀ wà. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, neutrophil sábà máa ń wà láàrin 40 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, lymphocyte láàrin 20 sí 40. Ti Màmá jẹ́ 78 àti 12. Tí ẹ bá mú ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lára 6,200, ẹ ó rí lymphocyte 744, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 1,000 ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀ fún àgbàlagbà. Tí ẹ bá sì fi 12 pín 78, ẹ ó rí 6.5. Àwa tí à ń tọ́jú kíndìnrín máa ń wo ìpín yìí, nítorí ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé bó ṣe ń ga sí i lára aláìsàn wa ni ewu àrùn ọkàn àti ikú ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà ọjọ́ kan ṣoṣo dẹ́rù ba ara yín. Àkóràn kékeré, oògùn steroid, kódà iṣẹ́ abẹ, lè gbé e sókè fún ọjọ́ mélòó kan. Kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ara Màmá bá balẹ̀.

Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò HIV yẹn da ọkàn yín rú. Kò sí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún yín. HIV máa ń pa lymphocyte kan tí à ń pè ní CD4, àrùn kíndìnrín náà sì máa ń dín in kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn yàtọ̀. Dókítà tó bá rí lymphocyte tó lọ sílẹ̀ tí kò yẹ HIV wò kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì.

Ó wá ku ohun tó kan kíndìnrín nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ogun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kì í dá jagun. Wọ́n ní àrokò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn: àwọn èròjà kéékèèké bíi IL-6 àti TNF-alpha, tó ń sọ pé ogun dé, ẹ jáde. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ogun bá ti tán, ara á kó àrokò yẹn kúrò nílẹ̀, kíndìnrín sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìkónílẹ̀ yìí. Omi tí kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó nǹkan bí 180 lítà. Tí eGFR bá ti wálẹ̀ dé 24, ìyẹn ìpele kẹrin nínú márùn-ún, àrokò ogun á máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ogun á máa gbọ́ ìró ogun tọ̀sán tòru, nígbà tí kò sí ọ̀tá kankan níta.

Ibi tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù tí mo bá ń ṣàlàyé ni ìfun. Yúríà tí kíndìnrín kò rí gbé jáde á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa wọ inú ìfun. Bakitéríà kan wà níbẹ̀ tó ń fọ́ yúríà sí ammonia. Ammonia yìí á máa jẹ ìdè tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri ìfun pọ̀, bí omi òjò ṣe ń jẹ ìdí ògiri amọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ìfun aláìsàn kíndìnrín ti lanu, ègé ara bakitéríà sì ń gba ibẹ̀ yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tó láti dá èèyàn gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó tó láti máa tọ́ àwọn ọmọ ogun níjà lójoojúmọ́.

Kò parí síbẹ̀. Bakitéríà inú ìfun tún máa ń sọ apá kan nínú oúnjẹ amúaradàgbà di indole àti p-cresol. Ẹ̀dọ̀ á gbà wọ́n, á sọ wọ́n di indoxyl sulfate àti p-cresyl sulfate. Inú ìtọ̀ ló yẹ kí wọ́n bá jáde. Bí kíndìnrín kò bá lè gbé wọn jáde mọ́, wọ́n á wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á so mọ́ albumin, èròjà amúaradàgbà kan inú ẹ̀jẹ̀, típẹ́típẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ pàápàá kì í rí púpọ̀ kó nínú wọn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níwọ̀n ìgbà tí ìdọ̀tí yìí bá ṣì wà, iná abẹ́lẹ̀ náà, tí à ń pè ní inflammation, kò ní kú nínú ara.

Ẹ wá wo ohun tí iná abẹ́lẹ̀ yìí ń ṣe fún oríṣi ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan.

Neutrophil ni ọmọ ogun ẹsẹ̀. Wọ́n pọ̀ lára Màmá, ṣùgbọ́n pípọ̀ wọn kì í ṣe agbára. Èyí tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ títí ọ̀tá á fi dé ti ń tú májèlé rẹ̀ sílẹ̀ lásán sára iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wá dé lóòótọ́, agbára láti gbé e mì kí ó sì pa á ti dín kù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 tún fi kún un. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ FGF23, egungun ló ń tú u jáde kí kíndìnrín lè tọ phosphate dànù, ó sì máa ń ga gan-an nínú àrùn yìí. Ìwádìí náà fi hàn pé kì í jẹ́ kí neutrophil lè dì mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ó tó yọ́ jáde lọ síbi tí àkóràn wà. Ó dà bí ọmọ ogun tó dé ojú ogun lórí ẹṣin, tí kò rí ibi sọ̀ kalẹ̀.

Monocyte ní tirẹ̀, oríṣi kan wà nínú wọn tó gbé àmì CD16, tó máa ń tètè gbaná. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọn kì í pọ̀. Lára aláìsàn kíndìnrín, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i, pípọ̀ wọn sì bá ewu àrùn ọkàn rìn.

Lymphocyte ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí 12 yẹn ló bà yín lẹ́rù. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn. T lymphocyte ń kọ́ iṣẹ́ ogun nínú ẹṣẹ́ kan tó ń jẹ́ thymus, lẹ́yìn egungun àyà. Lára gbogbo èèyàn ni thymus ti ń kéré sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń gorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n àrùn kíndìnrín ń mú un yá. Ọmọ ogun tuntun tí kò tíì jagun kankan rí á wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ni ara nílò láti kọ́ bí a ṣe ń bá àrùn tí kò rí rí jà. Àwọn jagunjagun àtijọ́ tó ti sọ àmì CD28 wọn nù ló máa ń gba ipò wọn. Àmì CD28 yìí ni T lymphocyte fi ń gba àṣẹ kejì kí ó tó yọ idà. Èyí tí kò ní in mọ́ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í tètè kú, ó sì ń tú èròjà oníná sára iṣan ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti dé ìpele ìkẹyìn, àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé T lymphocyte wọn dà bíi ti ẹni tó fi nǹkan bí 20 sí 30 ọdún jù wọ́n lọ. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí ọ̀dọ́ ẹni ọdún 30 tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí àkóràn tí à ń rí lára arúgbó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Oríṣi kejì ni B lymphocyte, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọfà tí a fi ń ta kòkòrò àrùn, ìyẹn antibody. Àwọn náà ń dín kù, torí wọ́n ń tètè kú, wọn kì í sì í gbọ́ ìpè tó yẹ kó mú wọn dàgbà. Níkẹyìn, àwọn onílàjà wà láàrin T lymphocyte, tí a ń pè ní Treg, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti sọ pé ó tó, ẹ dáwọ́ dúró. Wọ́n ń dín kù nígbà tí àwọn adájà-sílẹ̀ tó ń jẹ́ Th17 ń pọ̀ sí i.

Ẹ rí i pé agbára ìdènà àrùn Màmá kò kàn lọ sílẹ̀ lásán. Ó ga níbi tí kò yẹ, ó sì lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó ga. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Òun náà ló sì ṣàlàyé ohun tó ń pa àwọn aláìsàn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀: àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà níwájú, àkóràn ló tẹ̀ lé e. Iná tó ń jó níbi tí kò yẹ ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àìlágbára níbi tó yẹ ló ń ṣílẹ̀kùn fún òtútù àyà, fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn sínú ara tipẹ́, àti fún àkóràn inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wá bi ara yín: èwo nínú àwọn ọmọ ogun yìí ni oògùn tí ẹ fẹ́ rà fẹ́ gbé sókè? Ṣé neutrophil tó ti ń jó iṣan ẹ̀jẹ̀ ni? Ṣé jagunjagun àtijọ́ tí kò gbàṣẹ mọ́ ni? Kò sí oògùn inú ìgò kankan tó lè mú ọmọ ogun tuntun jáde láti inú thymus tó ti rọ. Dídín iná náà kù pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní 2017, èsì ìwádìí ńlá kan jáde lórí oògùn tó ń jẹ́ canakinumab. Àwọn tó lé ní 10,000 ló kópa, gbogbo wọn ló ti ní ìkọlù ọkàn rí, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé iná abẹ́lẹ̀ wà lára wọn. Oògùn náà dín ìkọlù ọkàn mìíràn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí àkóràn pa láàrin àwọn tó gbà á pọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Bí oògùn tí wọ́n dán wò tó báyìí bá lè gba ìhín gbọn tọ̀hún nù, báwo ni a ṣe fẹ́ fọkàn tán ìgò tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Àìmọ ohun tó wà nínú ìgò yìí ló ń kó ìpayà bá mi jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn obìnrin kan lo egbòogi tí wọ́n ní yóò dín ọ̀rá ara wọn kù. Gbòǹgbò kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, láti ìdílé Aristolochia, ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tó lé ní 100 ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn pátápátá, tí àrùn jẹjẹrẹ sì tún wá yọ lọ́nà ìtọ̀ àwọn kan lẹ́yìn náà. Kíndìnrín wọn dá kí wọ́n tó lò ó o, ìdá kékeré ló ṣẹ́ kù nínú agbára ti Màmá. Fítámì tí a rò pé kò lè pani lára pàápàá ní tirẹ̀: fítámì C tó pọ̀ jù lè di oxalate kí ó sì dì sínú kíndìnrín, fítámì A sì máa ń ṣẹ́jọ sínú ara aláìsàn kíndìnrín. Ohunkóhun tí dókítà wọn kò bá kọ fún wọn, ẹ fi í sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kàn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé mo gbọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n rò pé ara tó ti rẹ̀ kò lè gbé kòkòrò tí a bá gún sí i. Ṣùgbọ́n kòkòrò kankan kò sí nínú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ tí mò ń sọ. Èyí tó wà fún mẹ́dọ̀wú oríṣi B, ẹ̀wù ara kòkòrò náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó lè fi mẹ́dọ̀wú kó ranni. Àwọn abẹ́rẹ́ tí kòkòrò alààyè wà nínú wọn ló nílò ìṣọ́ra, pàápàá fún ẹni tó ń lo steroid tàbí tó ti gba kíndìnrín ẹlòmíràn. Dókítà wọn mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni àsìkò. Tí a bá gún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ní abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tí ara wọn máa rọ ọfà tó pọ̀ tó. Lára àwọn tó ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, iye náà sábà máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 50 sí 60. Ẹ rántí ọmọ ogun tuntun tó wọ́n àti alágbẹ̀dẹ tó ń tètè kú, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fẹ́ gún aláìsàn wa kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ, nígbà tí ọmọ ogun tó lè kẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà. Bí ó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ, a máa ń sọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà di ìlọ́po méjì, 40 microgram dípò 20, oríṣi kan nínú wọn sì jẹ́ ìgbà mẹ́rin: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, oṣù méjì àti oṣù mẹ́fà. Oṣù kan sí méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ọfà náà ti tó 10 mIU/mL. Bí kò bá tó, a ó tún un gún. Lọ́dọọdún ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ, nítorí ọfà náà máa ń tán. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ dókítà Màmá ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè ti fúlù, ti òtútù àyà àti ti shingles tí kò ní kòkòrò alààyè nínú.

Yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́, ohun tó ń pa iná náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Dídarí ẹ̀jẹ̀ ríru, dídarí ìtọ̀ ṣúgà bí ó bá wà, àti àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí kíndìnrín tètè wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ìpìlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ máa há Màmá, torí ìgbẹ́ tó bá pẹ́ nínú ń fún bakitéríà láyè láti ṣe ìdọ̀tí sí i. Kí onímọ̀ oúnjẹ bá wọn wo èso àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n lè jẹ láìjẹ́ pé potassium wọn ga. Kí wọ́n lọ rí dókítà eyín, nítorí ìdí eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀ jẹ́ iná mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe fístúlà sí wọn lápá, níbi tí oníṣẹ́ abẹ ti ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan kó tó gbó. Ẹni tí kò bá ní in ni wọ́n máa ń ki rọ́bà bọ̀ lọ́rùn, rọ́bà yẹn sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà gbangba fún kòkòrò àrùn.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè, tí mi ò lè ṣàìsọ. Ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè tutù díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn, ọmọ ogun tí kò sì gbọ́ ìpè kì í dá ibà sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ti tọ́jú aláìsàn tí òtútù àyà ti gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan tán, tí ìgbóná ara rẹ̀ kò kọjá 36.8. Àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ibà ni wọ́n ń retí, ibà náà kò dé. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ara Màmá bá dá ṣáṣá, ẹ máa wọn ìgbóná ara wọn láràárọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni tiwọn. Bí ó bá fi ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo ga jù ú lọ, bí òtútù bá ń mú wọn tí wọ́n ń gbọ̀n, bí wọ́n bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà yín pé aláìsàn kíndìnrín ni wọ́n.